Ìdájọ́ Sotonye Dé Àbújá

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Wọ́n á ti jókòó. Àwọn adájọ́ márùn-ún, nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, l'Ábújá — kò sí kóòtù mìíràn lókè wọn mọ́, àfi ti Ọlọ́run.

Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n sọ? Láti àárọ̀ ni mo ti ń sá fún ìbéèrè yẹn. Bí wọ́n bá ní kí Sotonye máa lọ sílé, a jẹ́ pé èmi Ọmọ́lẹ́wà, adájọ́ tó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà, ni mo rán aláìṣẹ̀ lọ sáàrin àwọn tó ń retí okùn, fún odidi ọdún mẹ́tàlá. Bí wọ́n bá sì ní kò gbọdọ̀ lọ...

Kí n mu tíì mi.

Ó ti tutù. Èéfín dúdú ìlú yìí ti bà lé e lórí. A ti fèrèsé, a tìlẹ̀kùn, síbẹ̀ ó ń wọlé, ó ń wọ imú, ó ń wọ oúnjẹ. "Lẹ́wà, you don retire. Leave that matter." Bí Dagogo ṣe wí lánàá nìyẹn. Ó rọrùn fún ọkọ mi. Ẹ́ńjìnnì ló fi ayé rẹ̀ tún ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, a ó tú u palẹ̀, a ó tún un tò. Ta ló ń tú ènìyàn tí wọ́n ti so kọ́?

Rárá. Ẹjọ́ náà ò díjú. Ẹnì kan yìnbọn pa oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan l'Óyigbo, ó sì gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlọ́pàá mú Sotonye, wẹ́dà tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀. Wọn ò rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò rí kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n rí — Cecilia, tó ń yan bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́bàá títì. "Na him, my Lord. I see am with my two eyes." Òfin sì sọ pé ẹlẹ́rìí kan tó, bí adájọ́ bá ti gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà fara mọ́ ọn. Kí wá ni àyà mi ń já sí?

Orúkọ mi ni. Kí n má purọ́ fún ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má wí pé adájọ́ ìsàlẹ̀ ṣìnà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì tó wà ní Choba má máa fi orúkọ mi kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣìnà...

Fóònù. Ayọ̀ọlá ni. Òun ni akọ̀wé kóòtù mi nígbà yẹn. Mo ní kó lọ bá mi jókòó gbọ́ ọ —

Ìpè náà ti parí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

"Ẹ kú oríire, mà! Àwọn márààrùn-ún ló fẹnu kò. Ìdájọ́ yín dúró."

Oríire.

Ara mi sì fúyẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ n sẹ́ ẹ — ó fúyẹ́, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ni mo tó rántí pé ènìyàn máa kú.

Kí ló tún wí? Ó ní wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi jáde, gbólóhùn kan, òun ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé. *Mo fara balẹ̀ wo ẹlẹ́rìí yìí bó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò yẹ̀, mo sì gbà á gbọ́.* Adájọ́ àgbà ní ìwé lásán ni àwọn ń kà l'Ábújá, adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ló fojú ara rẹ̀ rí Cecilia, àwọn ò sì ní yí ohun tí ojú rẹ̀ rí padà.

Kí lojú mi rí?

Cecilia... ṣé ó ga ni? Ṣé ó pupa? Kí ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ohùn rẹ̀ wà létí mi. Ojú rẹ̀ — dúró ná. Bírò ni mo rí. Bírò búlúù, ìka mi tó ń ro mí. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ, nítorí ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí lórí àga adájọ́ ìlú ọkọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fo ọ̀rọ̀ kan. Mi ò gbórí sókè. Láńre, lọ́yà Sotonye, dìde. Ó ní kí n jọ̀wọ́ wo ẹlẹ́rìí náà, pé ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò kó tó dáhùn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. "Counsel, sit down." Orí ìwé ni ojú mi wà tí mo fi sọ ọ́. Mo sì ń kọ lọ... Ọ̀rọ̀ Láńre nìkan ni mi ò kọ. Kò sí nínú ìwé. Àwọn ará Àbújá ò lè rí i láé.

Gbólóhùn yẹn ńkọ́? Mo máa ń kọ ọ́ ni. Nínú ìdájọ́ gbogbo, bí ènìyàn ṣe ń kọ déètì. Mélòó ni mo ti kọ ọ́ fún?

Ó ku kí gómìnà fọwọ́ sí ìwé ikú Sotonye. Mo lè kọ̀wé sí i. Kí n wí pé kí ni?

Ibinabo. Ìyá Sotonye. Lọ́jọ́ ìdájọ́, àwọn ọlọ́pàá dì í lápá méjèèjì, kò sunkún. "Madam, you no look. You no look at all." Wọ́n pariwo mọ́ ọn pé kó pè mí ní My Lord. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rò pé ojú ọmọ rẹ̀ ló ní mi ò wò nígbà tí mò ń dá a lẹ́jọ́ ikú. Mo tiẹ̀ bínú. Mo ní ta ló lè wò ó?

Kì í ṣe ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wí. Ìlà iwájú ló jókòó sí lọ́jọ́ tí Cecilia jẹ́rìí. Ó ń wo Cecilia. Ó ń wo ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà. Ó ń wo àtàrí èmi náà, níbi tí mo ti dorí kodò tí mò ń kọ̀wé.

Ó rí gbogbo wa.