Eérún Méjì Tó Ń Yà fún Ara Wọn

Òrùka náà wà lábẹ́ oko kókó bàbá Ìbídùn. Ihò gbọọrọ ni. Ó gba abẹ́ ìlú mélòó kan kọjá kó tó padà wá bá ìdí ara rẹ̀, páìpù irin kan sì gba àárín rẹ̀ lọ. Inú páìpù yìí ni wọ́n ti ń rán eérún sáré. Eérún ni wọ́n ń pè wọ́n, torí pé bí a bá lọ iyanrìn kúnná, tí a tún un lọ̀ títí tí agara fi dá ọlọ, àwọn ni yóò kù nílẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wá ni pé kí eérún méjì pàdé lójijì kí wọ́n sì forí gbárí, kí a lè rí ohun tó wà nínú wọn tí kò ṣeé lọ̀ mọ́.

Inú ààrò ìyá rẹ̀ ni Ìbídùn gbà sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Kò yà á lẹ́nu.

Màmá Àwẹ̀ró ló ń wá lọ. Màmá ni ìyá bàbá rẹ̀, ó sì ti kú láti ìdunta. Òun ló kọ́ Ìbídùn ní ìwé nínú ilé, tó ń fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, tí ọmọ náà kò fi mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ibà gbé Ìbídùn dè. Màmá jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, bí apá ọ̀tún bá rẹ̀ ẹ́, a gbé e sí tòsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara Ìbídùn ti fúyẹ́. Ó bọ́jú, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá láti sọ ohun tí ọmọ tí a kọ́ nílé ń sọ bí ilẹ̀ bá mọ́ sí oore: ẹ ṣé àná. Màmá kò jí. Ọ̀rọ̀ náà há sí Ìbídùn lọ́fun, ó ń jẹun kọjá lára rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń retí kí àwọn eérún pàdé, òkùnkùn birimù ni. Ó gbọ́ tí Màmá wúkọ́. Ó gbóòórùn òrí lára aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí i, ọpẹ́ àná kì í sì í ṣe ohun tí à ń dá sínú òkùnkùn, ojú la fi ń wo ojú ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wà tí alààyè lè fi rí òkú níbẹ̀, èyí tó máa ń tàn bí eérún méjì bá kọlura.

Ẹnjiníà Ṣóyọmbọ̀, ọ̀gá ibẹ̀, jókòó síwájú tẹlifísàn kan. Igbá ni akoto orí rẹ̀.

“O bá wa nínú ìtìjú, ọmọ mi,” ló wí. “Wo ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Ìbídùn wò ó. Eérún kan ń bọ̀ láti ọ̀tún, èkejì ń bọ̀ láti òsì, eré tí wọ́n ń sá le dé ibi pé òjìji wọn ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdé, èyí ọ̀tún fara ti ẹ̀gbẹ́ páìpù.

“Ẹ máa kọjá, ẹ̀gbọ́n,” ló wí.

“Rárá o,” ni tòsì dáhùn, ó ti fara tì. “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá.”

Wọ́n tẹ̀ríba, wọ́n rọra kọjá. Aṣọ wọn kò tilẹ̀ kan ara wọn.

“Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, sà?”

“Àwa náà ni,” ni Ẹnjiníà wí. “Kí á tó rán wọn wọlé, a ní ká fún wọn lẹ́kọ̀ọ́ ilé ná, kí wọ́n má baà sọ pé eérún tiwa ò nílé. A kọ́ wọn jù.”

Àwọn irin òòfà tó tò ti páìpù, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa fa àwọn eérún sí kọ́nà, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Nígbà tiwa,” ni ọ̀kan wí, “eérún kì í kí ènìyàn.”

“Ìgbà tìẹ wo?” ni èkejì bi í. “Ìwọ tó ti dógùn-ún kí wọ́n tó gbé ọ dé.”

Ibi tí wọ́n wà di yàrá Màmá. Àwọn lẹ́tà tí Màmá fi èédú kọ wà lára ògiri síbẹ̀, wọ́n na ọrùn kí wọ́n lè wo tẹlifísàn náà. Lẹ́yìn èyí, ó tún di ihò.

“Iná ti fẹ́ tán,” ni Ẹnjiníà wí. “Bí wọ́n bá tún yà fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó pa á, oníkálùkù á gba ilé rẹ̀ lọ.”

Nínú òkùnkùn, Ìbídùn gbọ́ tí Màmá ń ká ẹní rẹ̀.

Ìbídùn kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Gbogbo ohun tó mọ̀ yàtọ̀ sí ìwé, etí ló fi kó o jọ. Ó sì ti gbọ́ rí, bí àwọn ìyá arúgbó bá ń jiyàn ta ni àgbà, ìbéèrè kan ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn?”

Ẹnjiníà ronú. “Kò tíì sí ìlú. Ọjọ́ tí ayé bẹ̀rẹ̀ ni.”

“Ọ̀tún ni àbí òsì?”

“Gbogbo wọn. Ọjọ́ kan náà ni.”

Ìbídùn fi eékún rìn dé ibi páìpù, ó fi ẹnu tì í. Ọmọ àná tó fẹ́ sọ ọjọ́ orí fún ohun tó ti wà kí ilẹ̀ tó wà, ó yẹ kó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú sí mi,” ló wí. “Kò sí ẹ̀gbọ́n nínú yín. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí yín. Ẹgbẹ́ ni yín.”

Láti ọ̀nà jíjìn, eérún kan sọ̀rọ̀.

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀,” ni èkejì dáhùn. “Ìwọ yìí lò ń jẹ́ kí n máa tẹ̀ríba fún ẹ látọjọ́ yìí?”

“Ta ló ní kó o tẹ̀ríba? Máa bọ̀ jàre.”

Wọ́n sáré pàdé ara wọn bí ọ̀rẹ́ tí ogun ti tú ká, wọ́n sì dì mọ́ra.

Ìmọ́lẹ̀ náà funfun bí ògì. Màmá Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí, ẹní tó ká wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ó kéré sí bí Ìbídùn ṣe mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́jú àáyá ni ìmọ́lẹ̀ náà ní láti tàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ fẹ̀, ó gba ènìyàn láti kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ ṣé àná.”

Iwájú orí rẹ̀ ni Màmá kọ́kọ́ wò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. “Ṣé ara ti yá?”

“Ó ti yá, mà.”

“Kò tọ́pẹ́,” ni Màmá wí.

Ìbídùn dá itọ́ mì. Ọ̀fun rẹ̀ ṣófo, ó dùn mọ́ ọn.

Ẹnjiníà ṣí akoto rẹ̀, ó súnmọ́ wọn. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, kí ló wà nínú wọn?”

“Tẹ́ ọwọ́,” ni Màmá wí, ó sì gbé ohun tó bọ́ lára àwọn eérún sí i lẹ́sẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n apá Ẹnjiníà rọ̀ wálẹ̀ bí apá ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún láìmọ̀. Nígbà tó pẹ́, ó gbé e fún òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn gbé e fún ẹlòmíràn, àwọn òòfà sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e kọjá níwájú àwọn. Wọ́n gbé e kọjá. Kò sí ẹni tó bèèrè mọ́ pé kí ni.

Ó kan Ìbídùn. Ó tẹ́ apá méjèèjì, wọ́n gbé e lé e, Ìbídùn sì lajú lórí ẹní rẹ̀.