Àwọn Agolo Tó Ń Ṣọ́ Afárá

Bí ẹ bá rí Kíkẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó dúró sábẹ́ afárá tó wà nítòsí Tejúoṣó, ó gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí kọnkéré. Kí ló dé tí kò ní rẹ́rìn-ín? Òun ni ẹnjiníà tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe afárá náà lé lọ́wọ́, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Àwọn tírélà ti fojú afárá yẹn rí màbo. Awakọ̀ á kó ẹrù gàgàrà, á ní òun á kọjá, ó di gbàà! Kọnkéré á já bọ́, irin inú rẹ̀ á yọ síta. Kíkẹ́ àti Awwal, bíríkìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́, gbẹ́ gbogbo ibi tó fọ́ kúrò, wọ́n ha ìpẹtà ara irin, wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti wọ́, wọ́n sì rọ kọnkéré tuntun sí i. Wọ́n fi àpò tútù bò ó, wọ́n ń bomi sí i tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́ kó má baà sán. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù: irin ìdènà tó yẹ kó wà níwájú afárá kò tíì dé. Bí tírélà kan bá tún kọlù ú, iṣẹ́ Kíkẹ́ wọmi nìyẹn.

Ni ọmọbìnrin yìí bá ri òpó méjì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì, níbi tí ọkọ̀ á kọ́kọ́ kàn kó tó dé afárá, ó ta okùn sí i, ó so àwọn agolo ọ̀dà tó ti ṣófo rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì rẹlẹ̀ díẹ̀ ju afárá lọ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá ga jù, agolo ni yóò kọ́kọ́ gbá.

Ọ̀gá Láyíwọlá, tó ni kọ́ńpìnnì tí Kíkẹ́ ń bá ṣiṣẹ́, rí i, ó figbe ta.

"Kíkẹ́! Kí ni radarada yìí? Àlejò ìjọba ń bọ̀ wá ṣí bíríìjì lónìí, o wá so agolo kọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko? Abeg, tú u dànù! Bí mo bá padà bá a níbí, lọ wáṣẹ́ síbòmíì nìyẹn."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sir, títí irin yẹn á fi dé ni."

"Mo ti sọ̀rọ̀!" Ó bá tirẹ̀ lọ láti lọ kó àga àti pèpéle wá.

Kíkẹ́ gun àkàbà dé ìdajì. Ó wo agolo, ó wo kọnkéré rẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Awwal, mi ò lè tú u o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé mi."

Ó gbé àkàbà kúrò, ẹ̀rín sì ń pa á.

Kò pẹ́ tí lọ́rì kan fi yọ. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ga fíofío: pèpéle, àga lórí àga, àti lókè pátápátá, àga aláwọ̀ wúrà tí wọ́n yá fún àlejò. Eré ló ń sá bọ̀. Kíkẹ́ dijú.

Gbàǹgàlà-gbàǹgàlà-gbòò! Agolo gbá àga, agolo gbá agolo, gbogbo àdúgbò yíjú. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, taya han gooro. Lọ́rì dúró síwájú afárá gẹ́lẹ́, kò kàn án. Ta ló sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀? Ọ̀gá Láyíwọlá ni! Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àga wúrà sókè, kó má baà họ.

Ó gbójú sókè. Agolo kan ti já, ó jókòó sínú àga náà bí àlejò pàtàkì. Awwal ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Kíkẹ́ tẹ̀ lé e, ìgbà tó yá, ọ̀gá náà ń di ikùn mú.

Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ fèrè mọ́tò àwọn àlejò lọ́ọ̀ọ́kán, Ọ̀gá Láyíwọlá wọ́ àga wúrà sábẹ́ okùn, ó bọ́ bàtà, ó gun orí rẹ̀, ó na ọwọ́.

"Kíkẹ́, gbé agolo tó já yẹn fún mi. Kí o sì wá okùn tó nípọn jùyí lọ wá."