Ẹrù Ẹ̀yìn Oyèrónkẹ́

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹni tó bá rí Oyèrónkẹ́ lókèèrè lọ́dún náà yóò rò pé ọmọ ló pọ̀n. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ìdí lẹ́yìn bí abiyamọ, ó sì ń tiro. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Àjíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, ti kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló kú sí. Ìkòkò ni Oyèrónkẹ́ ń mọ, ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ ló sì ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ara ọmọ gbóná láti àárọ̀. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń sáré bọ̀ nílé, ó ń kọrin fún un. Nígbà tí ẹkún ọmọ dá, ó ní ọpẹ́ ni, oorun ti gbé e lọ. Kò dákẹ́ orin títí ó fi wọ agboolé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló tú ọ̀já, tó gba ọmọ, tó sì figbe ta.

Àwọn ará àdúgbò wá kí i. "Omi ló dànù, agbè kò fọ́," ni wọ́n ń wí. Oyèrónkẹ́ kò sunkún, ó kàn ń wò wọ́n ṣáá ni. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n lọ tí ìrora fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, lápá ọ̀tún, lókè ìdí gan-an. Bó bá jókòó, àtidìde di ogun. Bó bá fẹ́ yí padà lórí ẹní, á dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ la ìbàdí rẹ̀ sí méjì. Bó ti ń bẹ̀rẹ̀ yípo ìkòkò tó ń mọ, ẹsẹ̀ á yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó wá ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa, agbè ti sán.

Èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀yìn náà wúwo. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gbọ́ èémí lẹ́bàá etí rẹ̀, fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, bíi ti ọmọ tó sùn lọ. Kì í bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ rí i, ẹ̀rù sì tún ń bà á kó má lọ wò ó kó má rí i.

Ọkọ rẹ̀, Àlàmú, oníṣẹ́ awọ, fi àdín pa á títí, ó fi omi gbígbóná jó o, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Dìde, à ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní àwọn Onítẹ̀bọmi ní ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀yìn ní ọsibítù wọn."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Àjíkẹ́."

Orúkọ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Àlàmú yíjú sí ògiri. "Dìde," ni ó wí.

Nínú lọ́rì, obìnrin ará Ìkòyí-Ilé kan jókòó tì í lórí pákó. Bí ọkọ̀ ti kó sí kòtò, obìnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀yìn Oyèrónkẹ́ wàrà. "Ẹ rọra, ìyá ọmọ, ẹ má fún un pa!" Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn Oyèrónkẹ́ dáadáa. Ó fa ọwọ́ padà, ó dì í mọ́ àyà, ó sì sún dé etí pákó. Ibẹ̀ ló rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀, kò rí ibi tó dá. Ó ní kó lọ bá Martha, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń kọ́ àwọn aláìsàn bí wọn yóò ṣe tún oríkèé àti iṣan ara wọn lò. Martha ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kiri títí tó fi kan ibì kan, tí Oyèrónkẹ́ sì pariwo.

"Oríkèé tó so egungun ìbàdí mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn nìyí," ni Martha wí. "Ó ti dẹ̀, ìwọ náà sì ń tẹ̀ ṣáá, o kò jẹ́ kó sinmi. Iṣan tó yí i ká la ó fún lágbára. Dùbúlẹ̀, fi ẹ̀yìn lélẹ̀."

Oyèrónkẹ́ dúró gbagidi. "N kì í fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ mi wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bí mo bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, n óò tẹ̀ ẹ́ pa. N óò pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Martha kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a jiyàn. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. "Ìyá tó pọn ọmọ, tó fẹ́ sinmi, kí ni í kọ́kọ́ ṣe?"

"Á sọ ọmọ kalẹ̀."

"Sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà náà. Ibùsùn yìí fẹ̀."

Oyèrónkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó tú ọ̀já tí kò sí, ó fa ọmọ gba abẹ́ apá wá síwájú bí gbogbo ìyá ti ń ṣe. Ìwúwo kan bà lé e lọ́wọ́. Ó gbóná. Ó tẹ́ ẹ sápá ògiri, ó fa aṣọ bò ó. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, aṣọ náà rọra wó palẹ̀. Ẹkún tí kò sun láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ bú jáde. Martha dì í mú títí ó fi rọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló tó dùbúlẹ̀. Martha ní kó ká orúnkún, ó fi ìrọ̀rí sí wọn láàárín. "Fún ìrọ̀rí náà pọ̀. Mí síta. Ó tó. Wàyí o, rọra gbé ìdí kúrò nílẹ̀." Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbà á.

Wọ́n wọ̀ sílé ìbátan Àlàmú kan nílùú náà títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí àárọ̀ tó lọ bá Martha tí kì í kọ́kọ́ sọ ọmọ kalẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀. Martha á sì dúró dè é. Martha kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi aṣọ di ìbàdí gírígírí bó bá ń ṣiṣẹ́, àti bí yóò ṣe máa yí gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì ti gbé ìdí sókè kó tó rántí pé òun kò sọ ọmọ kalẹ̀. Ó fò dìde. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó tú aṣọ ibùsùn, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Níbo ló wà?" ni Martha bi í jẹ́jẹ́.

"N kò mọ̀, mà."

Kò sí ìrora kan nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó tó àìmọ̀ yẹn.

Ẹ̀yìn náà sàn. Oyèrónkẹ́ padà sídìí amọ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, gbogbo èèyàn ń yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, á dúró lójijì ní àgbàlá, á dẹ etí sílẹ̀. Àlàmú rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ó tún ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá o. Kò tilẹ̀ wúwo mọ́."

Bí wọ́n ti fẹ́ sùn, ó rọra sún sétí ẹní. Àlàmú náà sún sí etí tirẹ̀, wọ́n sì fi àyè kékeré tó gba ọmọ sílẹ̀ láàárín.