Ìbéèrè Kẹta Nínú Fọ́ọ̀mù Bàrákàt

Ìyá Bàrákàt ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ohun tí kò bá tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Sìdíkàt ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Kennington nílùú òyìnbó, kò sì sí ohun tí obìnrin náà kò lè fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó kúrò ní Forest Hill bọ̀ wá sí Peckham, ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dúró sẹ́nu ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Bàrákàt, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, sọ fún un pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní yunifásítì, inú rẹ̀ dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún anybody, Mummy."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Pàápàá àwọn ìsàlẹ̀."

Àwọn ìsàlẹ̀ ni Aunty Bernice àti Shiloh ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé lábẹ́ ilé wọn. Àtẹ̀gùn kan náà ni wọ́n jọ ń gùn, kíláàsì kan náà sì ni Shiloh àti Bàrákàt wà. Èyí tó wá dunni jù níbẹ̀ ni pé agbẹ̀bí ni Aunty Bernice fúnra rẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó yẹ kí ọmọ náà sáré lọ bá fún ìmọ̀ràn gan-an ni wọ́n ní kó máa sá fún. Bàrákàt gbà, ó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wọ yàrá.

Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni, UCAS ni wọ́n ń pè é, òun ni gbogbo yunifásítì tí ọmọ bá mú máa kà. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Kí ló dé tí o fi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí? Bàrákàt dáhùn ìyẹn. Kí ni ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ti ṣe láti múra rẹ sílẹ̀? Ó dáhùn ìyẹn náà. Ìkẹta ni pé, yàtọ̀ sí ti ilé-ìwé, kí ni ìwọ fúnra rẹ ti ṣe? Ibẹ̀ ṣófo. Olùkọ́ rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ pé àwọn tó ń du àyè agbẹ̀bí pọ̀ rẹpẹtẹ, àti pé fọ́ọ̀mù tí kò bá pé kí aago mẹ́rin ọjọ́ Jimọ́ tó lù, òun kò ní fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe pé kò rí nǹkan kọ. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Yẹ̀kínì bàbá rẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí dédé mú ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. Bàrákàt pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Bí obìnrin orí fóònù ṣe ń wí ló ń ṣe: ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba orí ọmọ, kò sì fà á. Kí Aunty Bernice tó gbọ́ igbe kó sì sáré gòkè dé, Aishah ti wà lọ́wọ́ Bàrákàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ iṣẹ́ tí òun yóò ṣe.

Ṣùgbọ́n Sìdíkàt kò fẹ́ kí ayé gbọ́ pé ilẹ̀ kíṣìnnì lòun bímọ sí. Ó sọ fún àwọn ará Ìlọrin àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí pé hòsípítù ni. Nínú ilé pàápàá, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọdún mẹ́rin sì kọjá, kò sẹ́ni tó dá a sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ní gbogbo Iléyá, itan àgbò tó dára jù, ìsàlẹ̀ ló ń gbé e lọ.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́," ni Bàrákàt bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́bọ̀.

"Kọ nǹkan mìíràn."

Ó kọ ọ́ pé òun máa ń bá àwọn ìyá gbé ọmọ dání ní mọ́ṣáláṣí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ojú ti òun fúnra rẹ̀, ó pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ Jimọ́, tí wọ́n ṣì wà nínú ìsinmi ilé-ìwé, Sìdíkàt tó ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ jí lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí àwọn lọ sí láíbìrì, torí Shiloh lè yọjú nígbàkigbà. Wọ́n gun lífítì lọ sókè, wọ́n wá igun tó jìnnà jù, wọ́n sì bá ta ni níbẹ̀? Aunty Bernice àti Shiloh ni. Òróró àdúrà ń dán níwájú orí Shiloh. Aunty Bernice ti yára fi kóòtù rẹ̀ bo kọ̀ǹpútà.

"Mummy Bàrákàt, ẹ káàsán o. Kí lẹ wá ṣe?"

"Ìwé la wá kà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwa náà, ìwé la wá kà."

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́. Àga tó sì ṣẹ́kù kò ju méjì lọ, ẹ̀gbẹ́ wọn ló wà. Sìdíkàt jókòó, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó ń ka Ayat-ul-Kursiyyu, ẹsẹ̀ Àlùkùránì fún ààbò, sórí kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bàrákàt tẹjú mọ́ àlàfo náà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Shiloh kò mọ àṣírí í pa mọ́ rárá, ìbẹ̀rù ìyá rẹ̀ nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bàrákàt, that day tí wọ́n bí Aishah, aago mélòó ni ambulance dé? I need it for question three."

"Shiloh," ni Aunty Bernice sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Sìdíkàt yí padà. "Question three tí ń ṣe kí ni?"

Ni gbogbo rẹ̀ bá tú síta. Agbẹ̀bí ni Shiloh náà fẹ́ kọ́, ìyá tirẹ̀ náà ló sì ní kò gbọdọ̀ sọ fún àwọn òkè, ìyẹn Sìdíkàt àti ọmọ rẹ̀. Sìdíkàt ní kó ka ohun tó kọ. Shiloh kà á: ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí aládùúgbò wọn, wọ́n ní kí òun lọ di ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ mú kí àwọn ambulance lè wọlé, ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé ẹni tó ń lànà sílẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn lásán lọmọ náà dì mú, ó ti kọ ìlà mẹ́sàn-án.

"Mo ní kó má dárúkọ o," ni Aunty Bernice sọ. "Ẹ má bínú."

Sìdíkàt kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ?"

Bàrákàt yí kọ̀ǹpútà sí i. "Ẹ ní kí n má kọ ọ́."

"Ha, Bàrákàt kò kọ ọ́ kẹ̀?" Ẹnu ya Aunty Bernice. "Ẹni tó gba ọmọ gan-an?"

"Ta ló gba ọmọ?" ni Sìdíkàt bèèrè.

"Òun ni now. Ọmọ ti ń sunkún kí n tó wọlé. Ṣe ni mo kàn bá wọn níbẹ̀."

"Ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi kọ́ o."

Sìdíkàt rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ojú mi dì. Ìgbà tí mo là á, ẹ̀yin ni mo rí. Itan àgbò tí mo ń gbé wá fún yín lọ́dọọdún ńkọ́?"

"Mo rò pé ẹran Iléyá ni."

Ẹ̀rín pa Shiloh, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Bàrákàt kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ti mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ọdún mẹ́rin gbáko ni Bàrákàt ti rò pé ìyá òun mọ̀ pé òun ló gba ọmọ, pé kò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

"O ò sọ fún mi," ni Sìdíkàt wí.

"Ẹ ní ká má sọ ọ́, Mummy."

Sìdíkàt fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Kọ ọ́. Kọ gbogbo rẹ̀. Kọ kíṣìnnì náà sí i."

Bàrákàt kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò jáde láti ọjọ́bọ̀ ń rọ́ jáde. Aunty Bernice ń sọ èyí tí àwọn yunifásítì máa fẹ́ gbọ́, Sìdíkàt ń fẹ́ kí ó fi bí ọmọ ṣe wúwo tó kún un, Shiloh ń ṣọ́ aago. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́rin lù, Bàrákàt tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ wọn, Shiloh náà tẹ tirẹ̀. Sìdíkàt ṣe àdúà, Aunty Bernice ṣe àmín, ó tún fi orúkọ Jésù kún un, kò sì sẹ́ni tó bínú.

"Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jáde níbí o," ni Sìdíkàt sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọn ò tíì dé òpópónà Rye Lane tí Sìdíkàt fi gbé fóònù sí etí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin ni. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbẹ̀bí Aishah?" Nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó ti pe ẹni mẹ́rin, ó sì ti kìlọ̀ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàrákàt ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín èrò, kò sì ní kí ìyá òun rẹ ohùn sílẹ̀.