Ọkọ̀ Àgbà Tí Yóò Gbé Ìyá Mi Dé Ìlọrin

Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ lánàá, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Àlá tí mo lá nínú oorun náà, bí mo bá pa á mọ́ra, kò ní jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ sún mọ́bí kí ẹ gbọ́.

Gbogbo yín lẹ ti rí ọkọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, èyí aláwọ̀ eérú tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ sì ti rí i pé kì í ṣe ọmọdé. Ó ti rìn, ó ti rìn, lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkìrun. Ìyá Ìbídùn, ìyàwó mi, ti sọ pé òun ò ní bá mi jókòó sínú rẹ̀ kọjá ọjà. Ṣùgbọ́n nítorí ìyá mi ni mo ṣe rà á. Ìlá ni wọ́n wà. Àbúrò wọn kan ṣoṣo tó kù láyé, Àwẹ̀ró, tí à ń pè ní Ìyá Ìlọrin, wà ní Ìlọrin, kò sì lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Orúnkún kò jẹ́ kí ìyá mi lè wọ ọkọ̀ èrò. Wọ́n ní, "Oyèníran, kí ọ̀kan nínú wa tó lọ, jẹ́ kí a rí ojú ara wa." Mo ní Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ tí n kì í lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú ìyá arúgbó nínú rẹ̀ ńkọ́?

Nínú àlá náà, mo ń fọ ọkọ̀ ọ̀hún. Bí mo ṣe fi kànìnkànìn kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó húkọ́.

"Rọra," ó ní, "èjìká ń ro mí."

Ohùn àgbàlagbà ni. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ. "Ẹ má bínú, sà. N kò mọ̀ pé ẹ ti jí."

"Ta ní í sùn nígbà tí wọ́n bá ń da omi tútù lé e lórí?"

Mo ní, "Ẹni tó tà yín fún mi sọ pé dókítà obìnrin kan ló lò yín, pé ilé àti ọsibítù nìkan lẹ mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí iná iwájú rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú. "Dókítà kẹ̀? Oníbúrẹ́dì ni. Kò sí àdúgbò tí a kò já búrẹ́dì sí. Wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn."

Mo wò ó. Búrẹ́dì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ṣì gbóná. Mo jẹ díẹ̀, ó dùn. Mo bi í pé kí ni mo lè ṣe fún un. Ó ní ọ́ìlì òun ti dúdú bí ọ̀dà, bẹ́líìtì tó ń yí ẹ́ńjìnnì òun ti sán, bíréèkì òun kì í sì í tètè gbọ́ràn mọ́. Lẹ́yìn náà ó rẹ iná iwájú rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì.

"Bí kò bá ni ọ́ lára, rédíò mi kò gbọ́ Yorùbá. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò mọ ohun tí ẹ ń sọ nípa mi. Bá mi wá èyí tó gbọ́ ọ."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí a máa lọ sọ́dọ̀ Mùfútáù, mẹkáníìkì wa. Bí mo ti ń sọ ọ́ la ti débẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù Mùfú ti di wọ́ọ̀dù ọsibítù. Àwọn ọkọ̀ sùn sórí ẹní, wọ́n da aṣọ bora, wọ́n ń mí. Mùfú wọ aṣọ funfun tí gíríìsì kún. Ó gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi, ó pa ojú dé.

"Tíṣà, kò sí àìsàn lára bàbá yìí," ó ní. "Ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo lè tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè ti ránṣẹ́ pé kí n má fọwọ́ kàn wọ́n."

"Àwọn wo ló wà lókè?"

Ó nàka. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ló léfòó sókè òrùlé, tòun ti fèrèsé àti àsíá, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó iná. Mo ní, "Áà, ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ́fíìsì wọn lọ." Ọkọ̀ mi fi táyà iwájú di okùn náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún, èmi náà di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

Ọ̀gá onírùngbọ̀n kan ló jókòó sídìí tábìlì lókè níbẹ̀, àwọn akọ̀wé rẹ̀ dúró tì í.

"Ọkọ̀ tó ti rìn tó báyìí," ọ̀gá náà ní, "ìsinmi ló kàn án. Fi sílẹ̀ níbí. A ó fi ṣe ilé adìyẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé lọ sí Ìlọrin."

"Ìyá rẹ náà ńkọ́? Ṣé àwọn náà kò tíì rìn tó ni? Jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo bí mo ṣe ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀, ara mi balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló gún mi láyà, nítorí òun gan-an ni mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi. Ọkọ̀ náà dorí kodò, ó pa iná.

"Ta ni kó jókòó sílé?"

Ìyá mi ni. Wọ́n ti wà lórí àga àlejò, wọ́n gbé ìgò epo pupa lé itan. Wọ́n dìde láìfi ọwọ́ ti orúnkún.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹni tó ti rìn jìnnà ni ọ̀nà ń mọ̀. Ẹ yà fún wa."

Ọ̀gá náà la ẹnu láti fèsì, igbe ewúrẹ́ ló jáde. Ó tún gbìyànjú, ohun kan náà ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn sí i, ìwo yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀, ó gbé pátákò lé tábìlì. Ó ti di òbúkọ. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ náà ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ kọ́tìnnì. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," nítorí mo gbà pé ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn.

Ìyá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń da epo pupa síbi tí à ń da ọ́ìlì sí.

"Ìyá, epo ọbẹ̀ nìyẹn o!"

"Ìwọ ṣáà má sọ fún un."

Ọkọ̀ náà lá ètè. Ẹ́ńjìnnì dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò húkọ́. Òbúkọ ti jẹ okùn ilé-iṣẹ́ náà já, gbogbo wa sì ń fò lọ jẹ́jẹ́. Mo rí òrùlé Òmù-Àrán nísàlẹ̀. Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí sọ Yorùbá, ó ń kí ìyá mi kú ìrìn. Kò pẹ́, a rí Ìlọrin. Àbúrò wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń ju gèlè sí wa. Ìyá mi na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, èmi rèé!"

Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ kan ọwọ́.

"Epo ti tán o!"

Mo ní kò lè tán, Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á ni. Mo lajú. Ìyàwó mi ló dúró lé mi lórí, ṣíbí ìdáná lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn àlùbọ́sà gba gbogbo ilé.

"Bàbá Ìbídùn, mo ní epo ti tán."

Mo jókòó, mo nu ojú. "Ti mọ́tò ni, àbí ti ọbẹ̀?"

Ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí mo dì mọ́wọ́ sùn. Ó wò mí lójú.

"Ẹ ń pe orúkọ Ìyá Ìlọrin lójú oorun," ó ní. "Omijé wà lójú yín."

Ó jókòó sétí ibùsùn.

"Ẹ ní kí Mùfú bá wa yẹ ọkọ̀ yẹn wò dáadáa kí Sátidé tó dé. Èmi ni yóò jókòó ti Ìyá lẹ́yìn." Ó dìde, ó ń padà lọ sí ilé ìdáná. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí ohun tí mo bi í.

"Méjèèjì," ó ní. "Méjèèjì ló tán."