Ìbọ̀sẹ̀ Tí Virve Kò Hun

...àbí kí n tú u? Kí n fa òwú yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí gbogbo ẹ̀ dà nù? Ọ̀kan ti parí, èkejì ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Oṣù méjì gbáko. Ìbọ̀sẹ̀ funfun, irú èyí tí àwọn obìnrin agbègbè Halliste wa níbí ń wọ̀ láyé ìyá ìyá mi. Òun ni arúgbó tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn, ìyá tó bí mi, fẹ́ wọ̀ wọ sàréè. Ó bẹ̀ mí—rárá, kò bẹ̀ mí. Ó pàṣẹ ni.

Lánàá, Laine ará ìsàlẹ̀ wá kí i. Arúgbó náà na ìbọ̀sẹ̀ tó ti parí sókè: "Virve mi ló hun ún."

Virve! Ẹ̀gbọ́n mi tó ti wà ní Finland láti ogún ọdún, tí kò lè rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù! Laine wo òwú tó wà lórí itan mi, ó rẹ́rìn-ín. "Maimu, ìwọ náà lọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ o." Ṣé àwàdà ni? Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tiẹ̀ ń rín...

Lára ìbọ̀sẹ̀ yìí, ojú òwú kan gun orí èkejì, ó sún sí òsì. Ní ìlà tó kàn, ó tún sún. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn, títí wọn á fi lọ́ mọ́ra bí ẹ̀ka igi. Arúgbó yìí kan náà ló kọ́ mi. "Lọ́ ọ, Maimu, má fà á. Òwú kì í ṣe okùn màlúù." Nígbà yẹn ó mọ orúkọ mi.

Ní báyìí, "obìnrin yìí" ni mò ń jẹ́. Èmi tí mò ń la igi, tí mò ń rẹ búrẹ́dì dúdú sínú mílíìkì nítorí eyín rẹ̀ tó ti ká tán. Virve á pè ní Sunday—"O mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè, àbúrò mi"—inú ìyá á sì máa dùn títí di Wednesday.

Ó dáa. Kí n gbé ojú òwú kan gba òdì. Ẹyọ kan péré. Ta ló máa mọ̀? Kó gbé àléébù wọlẹ̀ lọ, kó lọ sọ fún wọn lọ́hùn-ún pé Virve ló hun ún... Mo gbé e. Mo wò ó. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ mi—ọwọ́ òmùgọ̀—ti dá a padà kí n tó mọ̀.

Ó ti jí. "Obìnrin yìí, omi."

"Ẹ gbórí sókè. Ẹ sún síbí." Ohun tí mò ń sọ fún un láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Bíi nọ́ọ̀sì. Bí ẹni tí wọ́n háyà...

Dúró ná. Virve, bó bá ti gbé fóònù: "Màmá! Màmá mi!" Á máa ké bí ọmọ kékeré. Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni mo pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn? Ní Kérésìmesì? Rárá. Ìgbà tí a wa pòtétò? Rárá o... Ọdún wo?

Ta ló kọ́kọ́ gbàgbé ẹnì kejì nínú ilé yìí?

Ó ń wò mí. Ife omi wà lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu láti pè é—

"Ẹ rọra mu ún," ni mo gbọ́ tí mo sọ.