Bí Borka Ṣe Tọ́ Ẹ̀jẹ̀ Òkú Wò

Gbogbo ìlú Hollókút ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ èmi nìkan ni mo rí i. Àwọn tó kù dijú, kí Ìyáàfin Eufrozina, ọlọ́lá tó ni ilé olódi ìlú wa, má baà fi ojú lásán fa ẹ̀jẹ̀ wọn mu. Èmi wà lókè ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mo la ojú méjèèjì sílẹ̀ bí òwìwí. Ká ní mo ní ẹ̀kẹta ni, màá là á.

Ọkọ mẹ́ta ni Ìyáàfin ti sin. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí wọ́n wá bá Dienes, tó ń ṣọ́ yàrá wáìnì ẹ̀, tó kú lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, tó funfun báláú, tí egbò wà láyà ẹ̀, Farkas figbe ta. Farkas yìí ni àbúrò ọkọ tó kú kẹ́yìn. Irunmú ẹ̀ gùn débi pé adìyẹ méjì lè sùn lápá ọ̀tún, kí àkùkọ sùn lápá òsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bó ṣe máa gba ilé olódi yẹn.

"Obìnrin yìí ti fa Dienes gbẹ!" ló ń pariwo. "Borka tó ń dáná fún un ló sì bá a dì í mú!"

Ọlọ́lá tó bá jẹ̀bi, wọ́n á tì í mọ́lé, wọ́n á máa gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ìránṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ń sun.

Wọ́n gbé òkú síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílẹ̀ wa: afurasí á fọwọ́ kan òkú, bí egbò bá ṣẹ̀jẹ̀, òun ló pa á. Wọ́n ti so ọwọ́ Borka.

Ilka aládùúgbò ẹ̀ ń yọ́ sọ̀rọ̀: "Borka, ṣó o ti gbàdúrà?"

"Mo ti gbà á. Ìwọ náà gbà á, torí ìkòkò mi tó wà lọ́wọ́ ẹ, mi ò fi sílẹ̀ fún ẹ o."

Ìyáàfin rìn dé iwájú òkú, ó bojú wo Farkas. "Ọkọ mi kékeré, ọwọ́ ọ̀tún ni kí n fi kàn án àbí òsì? Kí ló dé tó ò ń làágùn nínú yìnyín?"

Ó fọwọ́ kan Dienes. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àlùfáà lọ. Gbogbo ìlú dojú bolẹ̀, wọ́n ń ké pe Màríà Mímọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí Borka lẹ́nu. Èmi ni mo rí i: ó lá a. Ó ronú. Ó tún lá a.

"Ẹ dúró ná! Ta ló fi alùbọ́sà sínú Dienes?"

Adájọ́ Bódog la ojú kan. "Kí lo wí?"

"Bàbá, ọjọ́ kẹta rèé tí Dienes ti kú. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dì kí èèyàn tó ka àdúrà méjì, àfi tí wọ́n bá fi wáìnì kíkan rò ó. Wọ́n ti ro èyí. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni, èyí tí à ń rọ sínú ìfun ká tó sè é!"

"Ẹ ẹ̀ rí i?" Farkas fò sókè. "Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú gbogbo ayé!"

"Ìwọ náà ń jẹ ẹ́! Lánàá, ìfun ẹlẹ́jẹ̀ mẹ́rìnlá lo jẹ nílé wa, o tún lá àwo!"

Adájọ́, tí ikùn ẹ̀ máa ń dé ilé ẹjọ́ ṣáájú ẹ̀, ti ìka bọ ẹ̀jẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Alùbọ́sà wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò níyọ̀."

Inú bí Borka ju ti ẹ̀sùn ìpànìyàn lọ. "Kò níyọ̀ kẹ̀? Kì í ṣe tèmi nìyẹn o! Ilé wo ni wọ́n ti ń ṣahun iyọ̀ ní Hollókút?"

Gbogbo ojú là lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì yí sí Farkas. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó máa ń ti iyọ̀ mọ́ àpótí, tó sì ń sùn lórí ẹ̀. Ẹ̀rín bú. Ilka tú okùn ọwọ́ Borka, Borka ṣí ẹ̀wù òkú sókè: àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ rèé, ó ti bẹ́, okùn tín-ín-rín kan sì gbabẹ̀ wọnú apá ẹ̀wù Farkas.

Farkas sá. Okùn ò já. Àpò ìtọ̀ ń tẹ̀ lé e gbàgà-gbàgà kọjá afárá, ajá mọ́kàndínlógójì sì ń lé àpò. Mo kà wọ́n.

Adájọ́ nu ìka. "Dienes mutí yó, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ló ti fi àyà gbọgbẹ́. Borka, máa lọ sílé."

Borka fọwọ́ pa ọrùn ẹ̀, tọ̀tún tòsì, ó rí i pé ó pé. Ó wo Ìyáàfin, Ìyáàfin wò ó, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí yìnyín.

Ìwọ tó ò ń yínmú yẹn, irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Gbà mí gbọ́ jàre, kódà ajá mọ́kàndínlógójì yẹn, gbà á!